Ìka Kẹwàá

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí
nígbà tí mo ra pẹ́ńsù tí kì í ṣe ti ìṣirò.
Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe l'Ẹ́pẹ́,
létí ọ̀sà, níbi tí òórùn ẹja tútù
ti ń bá ti bẹntiróò jà láràárọ̀.
Ẹni tó bá gbọ́ pé mò ń kọ́ àwòrán yíyà
á wo ojú mi, á wá wo ọwọ́ mi,
á ní, "Gbàdàmọ́sí, ṣé kò sí nǹkan?"

Kò sí nǹkan. Òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ kan,
mo yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
mo rí Tísà Kúburátù tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ewúrẹ́,
ìlà mẹ́rin péré, ewúrẹ́ ti fẹ́ ké.
Mo bí i lọ́mọ dáadáa.
Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, àǹtí ni mò ń pè é.

Ó gbé ife onírin kan ka orí tábìlì.
Mo ya ẹnu rẹ̀ roboto bí òṣùpá ọjọ́ kẹrìnlá,
mo fi rúlà fa ìdí rẹ̀.
Ife tèmi dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún fẹ́ dà nù.
Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín:
"Ohun tí ẹ mọ̀ lẹ yà, bàbá. Ohun tí ẹ rí ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Mi ò sùn bọ̀rọ̀.
Ojú tí mo fi ń wá nọ́ọ̀tì tó já sínú omi dúdú,
ṣé ojú yẹn náà ni wọ́n ní kò ríran?

Mo ya òbòkún. Ìyàwó mi bèèrè bóyá bàtà ni.
Mo ya ọkọ̀ Sùmọ́nù; Sùmọ́nù fúnra rẹ̀
yí ìwé náà sókè, ó yí i sódì,
ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun wọ irú rẹ̀ kọjá ọ̀sà.
Mo fi rọ́bà pa á rẹ́ títí mo fi dá ìwé lu,
mo yọjú nínú ihò náà, mo rí itan ara mi.

Ṣùgbọ́n ní ìdájí kan, kí àwọn apẹja tó dé,
mo rí i pé omi kì í ṣe búlúù.
Ó pọ́n níbì kan, ó dúdú bí ọ́ìlì níbòmíràn,
gbogbo igbó òdìkejì kò sì ga ju èékánná mi lọ.
Mo dúró bí àlejò
létí omi tí wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́mọ ọwọ́.

Ní Àlàmísì, àǹtí ní ká ya ọwọ́ òsì wa,
èmi àtàwọn ọmọ méjì tí wọn ò tíì wá mú lọ sílé.
Mo tẹ̀lé eegun, mo tẹ̀lé iṣan,
mo ya gíríìsì abẹ́ èékánná.
Fún ìgbà àkọ́kọ́, nǹkan tí mo yà jọ nǹkan.
Èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ náà kà á:
"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún."
Ó wo ọwọ́ mi. Ó tún kà.
Mẹ́rin.

Ọdún kọkànlá rèé tí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì Alájì Bísíríyù
ti gé ọmọdìnrín mi, tí ọ̀sà gbé e mì.
Mo rò pé mo ti gbà.
Àṣé ọwọ́ mi kò gbà. Àṣé nínú lọ́hùn-ún
mo ṣì ń ka mẹ́wàá.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àǹtí nawọ́ rọ́bà sí mi.
Mo pa á rẹ́, láti orí èékánná wá sí ìdí,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ òrùka.
Mo ya àpá ibẹ̀, tó hun jọ bí ẹnu àpò tí wọ́n fà pọ̀.

Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í pa nǹkan rẹ́ tán.
Bí ẹ bá gbé ìwé náà sójú fèrèsé,
ẹ óò rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan
tó ń nà síbi tí kò sí nǹkan.
Àǹtí ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́.
Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, gàdàgbà.

Òbòkún ṣì jọ bàtà o.